Orúkọ Tí Olùkọ́ Mi Pe Ìyá Mi

Gẹ̀ẹ́sì ni kò jẹ́ kí n tètè wọ yunifásítì. Mo yege nínú gbogbo iṣẹ́ yòókù, títí kan ìṣirò tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń sá fún, ṣùgbọ́n nígbà tí èsì ìdánwò jáde, mo ti feelì Gẹ̀ẹ́sì. Ìgbà náà ni fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ àwọn èèyàn ní Kétu, tí ẹni tó bá ní i ń mú un dání bí ẹni mú ẹyin. Bàbá mi ti kú láti ìgbà tí mo wà ní kékeré. Èmi àti ìyá mi là ń gbé yàrá kan nítòsí ọjà Kétu, mo sì ń bá wọn tajà títí ìdánwò mìíràn yóò fi dé.

Àlùbọ́sà, tòmátì àti ata ni ìyá mi ń tà. A máa ń lọ rà á ní Mile 12 láàárọ̀ kùtù, nígbà tí wọ́n bá ń já ẹrù àwọn tírélà tó ti òkè Ọya dé, a ó sì kó o wá sẹ́nu géètì ẹ̀sítéètì kan lápá Alápẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìyá mi àti àwọn obìnrin mélòó kan ti ń pàtẹ láti ìgbà tí ilé inú ẹ̀sítéètì náà kò tíì ju bíi mélòó kan lọ. Òṣìṣẹ́ báńkì, lọ́yà àti àwọn oníṣòwò ńlá ló ń gbé inú rẹ̀. Tí wọ́n bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, wọ́n á sọ gíláàsì mọ́tò kalẹ̀, wọ́n á ní ká di ata fún àwọn, wọn kò ní bọ́ sílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì tí ìyá mi gbọ́ kò ju "customer" lọ, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń fa ọ̀rọ̀ náà gùn ń pa àwọn ọmọ tó jókòó sẹ́yìn nínú mọ́tò lẹ́rìn-ín, àwọn ọmọ náà á sì máa bá wọn pè é.

Ọkùnrin kan wà tí kì í ra nǹkan láti inú mọ́tò. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn wá nírọ̀lẹ́, bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì wọn á dé ọrùn, ìwé ìròyìn á wà lábíyá wọn. Orúnkún ń dun ìyàwó wọn, nítorí náà àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń wá ra àlùbọ́sà. Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n ti kọ́ni nílé ìwé ìjọba káàkiri. Tọmọdé tàgbà inú ẹ̀sítéètì, Daddy ni wọ́n ń pè wọ́n. Àwa náà ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n rí ìwé ìbéèrè àtijọ́ mi tí mo da ojú rẹ̀ dé sórí àpò àlùbọ́sà. Wọ́n mú un, wọ́n ṣí i, wọ́n bi mí pé èwo ni kò yé mi níbẹ̀. Mo fọwọ́ tọ́ka sí ọ̀kan. Orí ìdúró ni wọ́n ti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, Yorùbá díẹ̀, títí ó fi yé mi, tí wọ́n sì gbàgbé àlùbọ́sà tí wọ́n wá rà. Ìyá mi ní kí n sáré gbé e tẹ̀lé wọn. Nígbà tí mo bá wọn lọ́nà, wọ́n ní kí n sọ fún ìyá mi pé àwọn fẹ́ kí n máa wá sílé àwọn ní gbogbo Sátidé, pé àwọn kò ní gba kọ́bọ̀. Ọjọ́ kejì ni ìyá mi lọ kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ní Sátidé àkọ́kọ́, ẹnu mi wúwo. Daddy á bi mí ní nǹkan, n ó mọ ìdáhùn rẹ̀, n kò sì ní lè sọ ọ́. Wọ́n béèrè ohun tó ń bà mí lẹ́rù. Mo sọ fún wọn pé nígbà tí mo wà ní pírámárì, wọ́n gbé pátákó kan kọ́ mi lọ́rùn nítorí pé mo sọ Yorùbá nínú kíláàsì, wọ́n sì kọ "vernacular" sára rẹ̀. Ní sẹ́kọ́ńdìrì, "bush" ni àwọn ẹgbẹ́ mi ń pè mí, nítorí pé yúnífọ́ọ̀mù mi máa ń rùn fún àlùbọ́sà. Láti ìgbà náà, tí mo bá fẹ́ sọ Gẹ̀ẹ́sì, ńṣe ló ń dà bíi pé ẹnì kan wà lẹ́yìn mi tó fẹ́ rẹ́rìn-ín.

Daddy kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n dìde, wọ́n gbé ìwé atúmọ̀ èdè kan tó nípọn bí ìrọ̀rí sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ṣí i síwájú mi. Wọ́n ní ṣé mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbé kọ́ mi lọ́rùn yẹn ti wá? Mo ní n kò mọ̀. Wọ́n ní àwọn ará Róòmù ayé àtijọ́ ló ni ín, pé ẹrú tí wọ́n bí sínú ilé olówó rẹ̀ ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí. Èdè irú ẹrú bẹ́ẹ̀ ló wá di èdè ilé, tó wá di ohun tí tíṣà mi ń fi pátákó lé kúrò lẹ́nu ọmọ. Wọ́n ní tíṣà náà kò mọ̀, ẹni tó kọ́ tíṣà náà kò sì mọ̀.

"Èébú tí o kò mọ orírun rẹ̀ ló ń dẹ́rù bà ọ́," ni wọ́n sọ. "Tí o bá ti mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá, kò lè rí ọ mú mọ́."

Mo gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́, mo sì gbé e sọ́kàn bí ẹni gbé oògùn ìbà mì.

Láti ọjọ́ náà ni ó ti di àṣà wa. A ó kọ́kọ́ ṣe gírámà, a ó ka àyọkà, n ó dáhùn ìbéèrè. Tí mo bá ṣe dáadáa, Daddy á sọ ìtàn ọ̀rọ̀ èébú kan fún mi, Mummy á sì gbé ìrẹsì tàbí tíì wá fún wa. Mummy ni ìyàwó wọn, obìnrin jẹ́jẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tó máa ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà kíṣìnì pẹ̀lú orúnkún wọn tí wọ́n fi tówẹ̀lì gbígbóná wé. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ̀ pé "villain", tí gbogbo wa mọ̀ sí ọ̀daràn inú fíìmù, kì í ṣe ẹnikẹ́ni tẹ́lẹ̀ ju ẹni tó ń ro oko fún olówó lọ. Mo bi Daddy pé kí ni ọkùnrin náà ṣe tó fi di ọ̀daràn. Wọ́n ní kò ṣe nǹkan kan, àwọn tó ń kọ ìwé ni kò fẹ́ràn rẹ̀. "Boor", àgbẹ̀ ni. "Pagan", ará abúlé ni. "Knave", ọmọdékùnrin lásán ni. "Silly" tilẹ̀ ni ó yà mí lẹ́nu jù, nítorí pé ẹni ìbùkún ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ nígbà kan, kó tó di ẹni tí kò mọ ibi, kó tó di ẹni àánú, kó tó wá di òmùgọ̀.

Wọ́n ní tí ọ̀rọ̀ bá ti jẹ́ ti obìnrin, kì í pẹ́ bàjẹ́ nínú Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n kọ "master" àti "mistress" sórí pépà, wọ́n ní kí n wo àwọn méjèèjì tí wọ́n jọ jáde nílé kan náà: ọ̀kan di ọ̀gá, èkejì di àlè. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ "hussy". N kò mọ ọ̀rọ̀ náà rí. Wọ́n ní obìnrin tí kò níwà, tó ń fa ọkùnrin kiri, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ lónìí. Wọ́n wá kọ ọ́ bó ṣe wà nípilẹ̀ṣẹ̀, wọ́n gé e sí méjì, ilé lápá kan, obìnrin lápá kejì. Ìyàwó ilé. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnu àwọn èèyàn ló gé e kúrú, bí àwa náà ṣe ń gé "ẹ kú iṣẹ́" kúrú, èrò ọkàn wọn ló sì bà á jẹ́. Mo rántí pé Mummy rẹ́rìn-ín láti ẹnu ọ̀nà kíṣìnì, wọ́n ní ṣé bí wọ́n ṣe máa ń san ẹ̀san fún wa nìyẹn.

Ó di ọjọ́ kan, èmi náà mú ọ̀rọ̀ kan wá fún Daddy. Ní Mile 12, "àbókí" la máa ń pe gbogbo àwọn Haúsá tó ń ta àlùbọ́sà àti àwọn alábàárù tó ń rù ú, pẹ̀lú ohùn tí èèyàn fi ń pe ẹni tí kò ka sí. Ọkùnrin kan tí a sábà máa ń ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ bi mí láàárọ̀ ọjọ́ kan pé ṣé mo mọ ohun tí mò ń pe òun. Ó ní ọ̀rẹ́ ni "àbókí" nínú èdè àwọn. Ó ní, "Ṣé ọ̀rẹ́ mi ni ẹ́?" Ohùn rẹ̀ kò le. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Daddy, wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n wá ní, "Ìwọ lo kọ́ mi lónìí." Ẹsẹ̀ mi kò kan ilẹ̀ dé ilé.

Tí àlejò bá wá kí wọn, Daddy á pè mí sí pálọ̀, wọ́n á ní kí n sọ ìtàn "villain" fún àwọn àlejò. N ó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, àwọn àlejò á pàtẹ́wọ́, Daddy á sì máa mi orí. Mo rò pé ohun tí bàbá máa ń ṣe pẹ̀lú ọmọ nìyẹn. N kò ní bàbá tí n ó fi wé e.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwọn olè wọ ẹ̀sítéètì, tí wọ́n yọ bátìrì mọ́tò àwọn kan lọ. Àwọn ará ibẹ̀ ní ọjà ẹnu géètì ni kò jẹ́ kí àwọn mọ ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde. Wọ́n ní ọ̀kadà ń kóra jọ síbẹ̀, wọ́n ní tòmátì tó bàjẹ́ ń rùn. Ní àkókò náà gan-an ni wọ́n fi Daddy jẹ alága ẹgbẹ́ àwọn onílé. Inú àwọn obìnrin wa dùn. Wọ́n ní ẹni tiwa ni wọ́n fi jẹ ẹ́. Nígbà tí ìpàdé dé, tí wọ́n ní kí àwọn ọlọ́jà náà wá, gbogbo wọn fẹnu kò pé èmi ni n ó ṣe ògbufọ̀, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n máa sọ.

Ẹ̀rù ṣì ń ba ọ̀kan nínú wọn, obìnrin tó dàgbà jù láàárín wọn, tó ń ta ata gbígbẹ. Ó ní kí àwọn lọ bẹ ìyálọ́jà Kétu kó bá àwọn lọ, nítorí pé ìyálọ́jà mọ àwọn èèyàn ní kánsù. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Daddy ní Sátidé tó ṣáájú ìpàdé. Wọ́n ń ka ìwé nígbà tí mo dé. Wọ́n ní kí àwọn obìnrin má mú ẹnikẹ́ni wá, pé ọ̀rọ̀ ilé ni, pé tí wọ́n bá mú ìyálọ́jà wá, àwọn onílé á rò pé ìjà ni wọ́n bá wá. Wọ́n ní kí wọ́n wọṣọ tó mọ́, kí wọ́n má sọ̀rọ̀ púpọ̀. "Sọ fún ìyá rẹ pé kò sí nǹkan tó máa ṣẹlẹ̀," ni wọ́n sọ. Mo jíṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe rán mi. Àwọn obìnrin fi ìyálọ́jà sílẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú ni ìpàdé, lẹ́yìn tí àwọn onílé ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Abẹ́ kánópì ni wọ́n ṣe é, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àwọn géètìmáànù. Àwọn onílé jókòó sórí àga oníke. Kò sí àga fún àwa. Ìyá mi wọ búbá tí wọ́n fi ń kí Yídì, wọ́n fi ìborùn funfun borí. A dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò burú. Obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ báńkì sọ̀rọ̀ nípa òórùn tòmátì, mo túmọ̀ rẹ̀, ìyá mi ní àwọn ó máa gbálẹ̀ láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ọkùnrin kan sọ̀rọ̀ nípa ọ̀kadà, mo túmọ̀ rẹ̀, àwọn obìnrin wa ní àwọn ó sún àtẹ àwọn sẹ́yìn, kí ọ̀nà lè là. Mò ń gbé ọ̀rọ̀ lọ, mò ń gbé e bọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ń jáde lẹ́nu mi láìkọsẹ̀, mo sì ń wo Daddy lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí n lè rí i bóyá wọ́n ń gbọ́ mi. Wọn kò wo apá ọ̀dọ̀ wa.

Lẹ́yìn náà ni Daddy dìde. Ohùn tí wọ́n fi sọ̀rọ̀ kì í ṣe ohùn Sátidé. Gẹ̀ẹ́sì wọn ga, ó gùn, ó ń ṣàn, wọn kò sì dúró kí n túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin yìí ti ń dun àwọn lọ́kàn. Wọ́n ní obìnrin tó bá ń jókòó sẹ́bàá ọ̀nà títí wọn ó fi tan fìtílà, kì í ṣe ata nìkan ló ń tà. Wọ́n ní kí àwọn èèyàn wo bí àwọn dírẹ́bà àti àwọn géètìmáànù ṣe máa ń dúró tì wọ́n. Wọ́n wá sinmi díẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń sinmi tí wọ́n bá fẹ́ kí n fetí sí ọ̀rọ̀ kan, wọ́n ní àwọn kò kọ́ ilé síbẹ̀ láti máa gbé láàárín àwọn "hussies".

Ẹ̀rín sọ lábẹ́ kánópì.

Mo kọ́kọ́ rò pé n kò gbọ́ ọ dáadáa. Mo ń wá ọ̀rọ̀ mìíràn tó lè jọ ọ́, tí ó lè jẹ́ òun ni wọ́n sọ. Ìyá mi fọwọ́ kàn mí, wọ́n ní kí ni Daddy wí. Wọ́n tún bi mí. Nígbà tí wọ́n rí i pé n kò sọ̀rọ̀, tí àwọn tó jókòó sì ń wò wọ́n tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n yíjú sí Daddy fúnra wọn, wọ́n fi Yorùbá béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Daddy, ẹ dákun, kí lẹ pè wá tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín?"

Ìgbà yẹn ni Daddy tó wò mí. Ojú wa ṣe mẹ́rin. Wọ́n wá kọjú sí ìyá mi.

"Ìyàwó ilé ni mo pè yín, Ìyá."

Ẹ̀rín tún sọ, ó ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn obìnrin wa wo ara wọn. Ara tù wọ́n. Ẹni tó pè wọ́n ní ìyàwó ilé ti bọ̀wọ̀ fún wọn, àbí kí ni? Èyí tó ń ta ata gbígbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀ láti dúpẹ́, ìyá mi náà di ìró wọn mú, wọ́n ń tẹ orúnkún wálẹ̀. Mo gbá wọn mú lábíyá kí orúnkún wọn tó kan ilẹ̀.

"Màmá, ẹ má kúnlẹ̀," ni mo wí. "Ìyàwó ilé ni ọ̀rọ̀ yẹn láyé àtijọ́. Lónìí, obìnrin tí kò níwà, tó ń fa ọkùnrin kiri, ni. Ohun tí wọ́n pè yín nìyẹn. Wọ́n sì mọ̀."

Mo tún un sọ ní Gẹ̀ẹ́sì kí àwọn tó jókòó lè gbọ́ ohun tí mo sọ fún ìyá mi. Ọkùnrin kan béèrè pé ta ni ọmọbìnrin yìí. Mo dúró kí Daddy dá a lóhùn. Wọ́n ní, "Ọmọ ìyá alálùbọ́sà ni." Wọn kò ní, "Akẹ́kọ̀ọ́ mi ni." Wọn kò ní, "Ó máa ń wá sílé mi."

Ìyá mi gbọn iwájú ìró wọn nù bíi pé wọ́n ti kúnlẹ̀. Wọ́n ní, "A ti gbọ́." A sì kúrò níbẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, àwọn géètìmáànù tí ìyá mi máa ń fún ní ata lọ́fẹ̀ẹ́ ti kó pákó àtẹ wa sọ sẹ́bàá gọ́tà. Wọ́n gbin òdòdó síbi tí a ń jókòó sí.

Mo lọ sílé Daddy lẹ́yìn ìyẹn. Ìyá mi kò mọ̀. Mummy ló ṣílẹ̀kùn fún mi, wọn kò wò mí lójú. Daddy jókòó sórí àga wọn, wọ́n ní kí n jókòó, mo ní n ó dúró. Mo béèrè ìdí tí wọ́n fi lo ọ̀rọ̀ yẹn. Wọ́n kọ́kọ́ ní alága ni àwọn, pé ohun tí àwọn tó yan àwọn fẹ́ gbọ́ ni àwọn sọ, pé bí àwọn kò bá sọ ọ́, ẹlòmíràn á sọ èyí tó burú jù ú lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín Sátidé.

"Ìwọ kọ́ ló yẹ kó bínú," ni wọ́n wí. "Ìwọ mọ ìtàn ọ̀rọ̀ náà. Ìyàwó ilé ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Mummy wà lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì. Mo ní, "Tó bá rí bẹ́ẹ̀, Daddy, ẹ pe Mummy bẹ́ẹ̀ kí n gbọ́."

Ojú wọn yí padà. "Má fi ìyàwó mi wé..." ni wọ́n wí, wọ́n sì dúró síbẹ̀. Gbólóhùn náà kò parí. Gbogbo àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń dúró dè é, kò sì parí. Mo wọ bàtà mi lẹ́nu ọ̀nà, mo sì lọ.

Tó bá jẹ́ pé obìnrin báńkì yẹn ló pe ìyá mi bẹ́ẹ̀, ì bá dùn mí, ṣùgbọ́n ǹ bá sọ pé kò mọ ohun tó ń wí. Daddy mọ̀. Wọ́n mọ ilé tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde, wọ́n mọ ọ̀nà tó gbà ṣubú, wọ́n mọ irú ọwọ́ tó tì í. Ìmọ̀ náà gan-an ni wọ́n sápamọ́ sẹ́yìn rẹ̀ nígbà tí ìyá mi béèrè. Ohun tí wọ́n ní ó máa gbà mí lọ́wọ́ èébú, òun ni wọ́n fi bo èébú tiwọn mọ́lẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ oṣù, tí mo bá ti ń fọ abọ́ tàbí tí mò ń ṣa àlùbọ́sà, n ó máa rántí àwọn àlejò tó ń pàtẹ́wọ́ ní pálọ̀, n ó sì máa bi ara mi pé kí ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Ọmọ alálùbọ́sà tó lè pe "villain". Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé bí ẹni ń wo ọ̀bọ tó ń jó ni. Ó sì ṣeé ṣe kí ìfẹ́ wà níbẹ̀. N kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ìyẹn ló sì ń bí mi nínú jù.

Ìyá mi rí àyè kékeré kan nínú ọjà Ìkòsí. Ọjà kò tà bíi ti ẹnu géètì fún ìgbà pípẹ́, nítorí pé àwọn tó ti wà níbẹ̀ ní oníbàárà tiwọn. Obìnrin tó ń ta ata gbígbẹ kò tẹ̀lé wa. Ó padà sí ìlú rẹ̀ lọ bá ọmọ. Ṣáájú kó tó lọ, ó sọ fún mi pé òun ì bá ti pe ìyálọ́jà, kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo tún ìdánwò náà ṣe, mo yege nínú Gẹ̀ẹ́sì. Gbogbo ohun tí mo kọ sínú pépà ọjọ́ náà, ohun tí mo kọ́ nínú pálọ̀ yẹn ni. N kò lè yọ ọ́ kúrò lórí mi.

Mummy máa ń wá ra àlùbọ́sà ní Ìkòsí. Àwọn fúnra wọn ló ń wá, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn wọ́n yẹn, bẹ́ẹ̀ àlùbọ́sà wà nítòsí ilé wọn. Wọn kì í dárúkọ ọkọ wọn. Ìyá mi á tà á fún wọn, wọ́n á fi èènì sí i, wọ́n á ní kí wọ́n rọra máa lọ. Nígbà tí mo bínú sí i lọ́jọ́ kan, tí mo ní kí ló dé tí wọ́n fi ń fi èènì fún ará ilé yẹn, ìyá mi ń di ẹnu àpò lọ́wọ́, wọn kò gbójú sókè.

"Èyí tí bàbá yẹn ṣe fún ọ, ó ṣe é," ni wọ́n wí. "Èyí tó ṣe fún wa, ó ṣe é. N kò lè fi ọ̀kan nu èkejì nù. Ìyàwó rẹ̀ kò sì ṣe nǹkan kan fún mi."

Mo jáde yunifásítì, mo rí iṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Anthony. Ọ̀nà Ìkòròdú ni mò ń gbà lọ lójoojúmọ́, nínú àwọn bọ́ọ̀sì gígùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ la ọ̀nà tiwọn fún, mo sì máa ń kọjá níwájú ọ̀nà tó wọ ẹ̀sítéètì náà. Ní ọdún náà ni Daddy kú. Ìyá mi ló sọ fún mi, pé Mummy ránṣẹ́. Wọ́n ní àwọn ń lọ kí Mummy ní Sátidé, ṣé n ó bá àwọn lọ. Mo ní mo fẹ́ fọṣọ. Wọn kò rọ̀ mí.

Mo fọ gbogbo aṣọ tó wà nílé lọ́jọ́ náà, títí kan èyí tó mọ́. Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí ìyá mi dé. Wọ́n bọ́ gèlè, wọ́n jókòó sórí àga, wọ́n na ẹsẹ̀ wọn síwájú. Mo gbé omi wá fún wọn. N kò lè pa á mọ́ra, mo béèrè ohun tí Mummy sọ níbẹ̀.

"Wọ́n ń sunkún ni," ni ìyá mi wí. "Kí ni kí wọ́n tún sọ?"

Wọ́n mu omi náà tán, wọ́n dá ife padà fún mi, wọ́n ní ṣé mo ti jẹun.